Bí Àwọ̀ Ewé Ṣe Dé Ara Ògiri Ibi Iṣẹ́

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àgbà àti ọmọ ilé-ìwé, bí aṣọ pupa kan bá wà nítòsí yín, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ẹ tẹjú mọ́ ọn, kí ẹ má sì wo ibòmíràn, títí ẹ ó fi ka ení, èjì, ẹ̀ta, dé ọgbọ̀n. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ yára gbé ojú sára ògiri funfun, tàbí sórí bébà tí a kò kọ nǹkan sí. Ẹ ó rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Òjìji aṣọ náà yóò hàn lára ògiri, ṣùgbọ́n kò ní pọ́n. Àwọ̀ ewé tí a fi aró díẹ̀ pò ni yóò ní. Bí ojú yín bá ti ń rìn ni òun náà yóò máa rìn, títí yóò fi parẹ́. Ẹ má fòyà. Ojú ẹnikẹ́ni tí ó bá ń dá àwọ̀ mọ̀ dáadáa ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Òjìji kékeré yìí ni ó kọ́kọ́ mú àwọ̀ ewé wọ yàrá àwọn oníṣẹ́-abẹ ní Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, kí ó tó wọ ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé. Bí ó ti ń rìn lọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń fi ìlérí kún ìlérí lé e lórí, títí a fi ń sọ pé ọ̀dà ara ògiri lè mú kí òṣìṣẹ́ dunnú, kí ọwọ́ rẹ̀ yá, kí ó má sì ṣe àṣìṣe. Èwo ni òtítọ́ níbẹ̀, èwo sì ni ọ̀rọ̀ ọjà? Èyí ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

Ṣùgbọ́n kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ. Dúdú, funfun àti pupa ni èdè wa fẹsẹ̀ lé. A máa ń pe ewé tó tutù yọ̀yọ̀ ní dúdú, a sì máa ń sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò jọ ẹ̀jẹ̀ rárá. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá sọ pé àwọ̀ ewé, ewé tútù ni mo ń wí. Bí mo bá sọ pé àwọ̀ aró, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní búlúù ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ìlú Párísì ní ilẹ̀ Faransé. Ilé ìhunṣọ kan wà níbẹ̀ tí í ṣe ti ọba, Gobelins ni orúkọ rẹ̀. Aṣọ ńláńlá tí a fi ń bo ara ògiri ààfin ni wọ́n ń hun níbẹ̀, tí àwòrán ènìyàn, ẹṣin àti igi wà lára rẹ̀. Ní 1824 ni wọ́n fi Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́místrì, ṣe olórí àwọn aláró ibẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé etí rẹ̀. Àwọn ahunṣọ ní aró dúdú rẹ̀ kò dára. Wọ́n ní bí àwọn bá fi òwú dúdú ṣe òjìji sí ẹ̀gbẹ́ òwú aláwọ̀ aró tàbí àwọ̀ àlùkò, dúdú náà kì í dú tó bí ó ti yẹ. Ńṣe ni ó máa ń dà bí ohun tó ti ṣá.

Chevreul kò bínú, kò sì yára da ìkòkò aró nù. Ó wá òwú irun àgùtàn dúdú láti ọ̀dọ̀ àwọn aláró mìíràn, títí kan ti Lọ́ńdọ̀nù àti ti Vienna, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó sì yẹ̀ wọ́n wò. Tirẹ̀ kò burú jù tiwọn lọ. Nígbà náà ni ó wá yé e pé kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ aró rárá. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tí òwú dúdú náà jókòó sí ni ọ̀ràn rẹ̀ wà. Àwọ̀ méjì tí ó bá fara kan ara wọn, olúkúlùkù wọn a máa ti èkejì sí òdìkejì ara rẹ̀ lójú ẹni tí ń wò wọ́n. Ní 1839 ni ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Baba yìí pẹ́ láyé ṣá o: 1786 ni a bí i, 1889 ni ó kú, ó ti pé ẹni ọdún 102.

Ahunṣọ ará Ìsẹ́yìn tí ó bá ń gbọ́ wa lè sọ pé òun kò nílò ìwé Faransé kí òun tó mọ̀ pé àlàárì tí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ẹtù kò jọ àlàárì tí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti òwú funfun. Òótọ́ ni. Ohun tí Chevreul fi kún un ni pé ó kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tí kì í ṣe ahunṣọ lè lò ó. Ẹni tí ó sì wúlò fún jù lọ ni ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, funfun báláú ni yàrá iṣẹ́-abẹ ní ilẹ̀ àwọn Òyìnbó: ògiri funfun, ilẹ̀ funfun, aṣọ funfun lára dókítà àti nọ́ọ̀sì. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé kòkòrò àìrí ni ó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ, kò sì sí ohun tí ń fi ìdọ̀tí hàn bí funfun. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná mànàmáná alágbára dé, ìyọnu bá a dé. Ẹ fojú inú wo dókítà kan tí ó tẹ̀ sórí aláìsàn. Ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ pupa ni ó ti ń wò láti bí ìdajì wákàtí. Ó gbójú sókè láti gba irinṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ara ògiri funfun gún un lójú. Ó tún wo ìsàlẹ̀. Ojú abẹ ti ṣókùnkùn, òjìji aláwọ̀ ewé, irú èyí tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan, sì ń fò kiri níwájú rẹ̀. Títí ojú rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò, kò lè dá iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹran tí ó yí i ká dáadáa. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí a bá gé iṣan tí kò yẹ kí á gé, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ náà tó láti gba ẹ̀mí ènìyàn.

Dókítà kan tí ń jẹ́ Harry Sherman, oníṣẹ́-abẹ ní St. Luke's Hospital ní ìlú San Francisco, ronú lórí èyí. Ní 1914 ni ó kọ̀wé nípa yàrá tuntun tí ó ṣe. Ó ti bi ara rẹ̀ pé, àwọ̀ wo ni ó jẹ́ òdìkejì pupa ẹ̀jẹ̀? Àwọ̀ ewé ni. Ó wá ní kí wọ́n fi àwọ̀ ewé tó dú bí ewé ẹ̀fọ́ ṣe ilẹ̀ àti apá ìsàlẹ̀ ògiri yàrá iṣẹ́-abẹ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ó fi ṣiṣẹ́. Ní ẹ̀yìn inú ẹyin ojú ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wíńníwíńní wà tí ń gba àwọ̀ wọlé, oríṣi mẹ́ta sì ni wọ́n. Àwọn kan ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ pupa jù, àwọn kan àwọ̀ ewé, àwọn kan àwọ̀ aró. Bí a bá tẹjú mọ́ pupa pẹ́, àwọn tí ń gba pupa á rẹ̀. Nígbà tí a bá wá wo funfun, tí í ṣe àpapọ̀ gbogbo ìmọ́lẹ̀, àwọn méjì tí kò rẹ̀ ni ohùn wọn á ròkè, a ó sì rí ewé àti aró níbi tí funfun wà. Ṣùgbọ́n bí ògiri náà bá ti jẹ́ àwọ̀ ewé tẹ́lẹ̀, òjìji náà kò níbi tí yóò ti hàn mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó rẹ̀ a sì ráyè sinmi. Yàtọ̀ sí èyí, àwọ̀ ewé kì í da ìmọ́lẹ̀ padà tó funfun, nítorí náà kì í gún ojú. Nígbà tó yá, aṣọ ara dókítà náà kúrò ní funfun, ó di àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró, bí a ti ń rí i títí di òní.

Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ náà mọ́ gaara: ojú ní ìyọnu, àwọ̀ sì wo ìyọnu náà sàn. Láti ìgbà tí ọjà bá dá sí i ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́.

Ẹni tí ó gbé àwọ̀ lọ sí ọjà ju gbogbo àwọn yòókù lọ ni Faber Birren, ọmọ bíbí Chicago, tí a bí ní 1900 tí ó sì kú ní 1988. Ayàwòrán ni baba rẹ̀. Birren fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ láti lọ dá ẹ̀kọ́ nípa àwọ̀ kọ́ fúnra rẹ̀, ó sì sọ ìmọ̀ràn lórí àwọ̀ di iṣẹ́ tí a ń san owó fún. Ìtàn kan wà tí a máa ń sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Alápatà ńlá kan ní Chicago kun gbogbo ilé ìtajà rẹ̀ ní funfun kí àwọn oníbàárà lè rí i pé ó mọ́, síbẹ̀ ẹran rẹ̀ ń dà bí èyí tó ti ń bàjẹ́. Birren ní kí ó kùn ún ní àwọ̀ ewé tí aró wà nínú rẹ̀. Ẹran bá pọ́n dẹ̀dẹ̀ lójú oníbàárà, ọjà sì tà. Ẹran kan náà ni o! Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun kan náà tí ó ran ojú dókítà lọ́wọ́ láti rí òtítọ́ ni ó ran alápatà lọ́wọ́ láti mú kí ojú oníbàárà rí ju òtítọ́ lọ.

Birren kò fẹ́ kí a ka òun mọ́ àwọn tí ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ní bí ẹ̀rọ ti ní iṣẹ́ ni àwọ̀ náà ní iṣẹ́. Orúkọ tí ó fún ìwé tí ó kọ ní 1937 ni Functional Color, èyí tí a lè túmọ̀ sí àwọ̀ tí ń ṣiṣẹ́. Àwọn onílé-iṣẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó dùn mọ́ wọn nínú.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sọ ọ́ di ńlá. Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kún fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, ọ̀pọ̀ wọn obìnrin tí kò fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Dúdú tàbí àwọ̀ eérú ni ẹ̀rọ àtijọ́ láti òkè délẹ̀. Irin tí a ń gé jẹ́ àwọ̀ eérú, ọ̀bẹ tí ń gé e jẹ́ àwọ̀ eérú, àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ DuPont, tí ń ṣe ọ̀dà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n kun ara ẹ̀rọ ní àwọ̀ tó tutù, kí wọ́n sì kun ibi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ní àwọ̀ mìíràn tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ, kí ojú lè máa lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé a wá a.

Birren àti DuPont tún jọ ṣe òfin àwọ̀ fún ààbò. Ní 1944 ni ẹgbẹ́ National Safety Council ti Amẹ́ríkà gbà á wọlé. Pupa ni ti ohun ìpaná àti bọ́tìnnì tí a fi ń dá ẹ̀rọ dúró lójijì. Àwọ̀ ọsàn ni ti apá ẹ̀rọ tí ó lè gé ni tàbí tẹ ni. Àwọ̀ ìyeyè ni ti ibi tí a ti lè kọsẹ̀ tàbí forí gbá nǹkan, àwọ̀ ewé sì ni ti àpótí oògùn. Bí ẹ bá rí ilà ìyeyè lẹ́bàá àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ kan, ọmọ òfin náà ni. Bí a bá bi mí, n ó sọ pé èyí ni ó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ Birren. Kò ṣe ìlérí inú dídùn fún ẹnikẹ́ni. Ìka ọwọ́ ni ó ń gbà là.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ kò bìkítà fún irú iṣẹ́ tí a ń fi òun ṣe. DuPont yìí kan náà ni ó kọ́ ilé iṣẹ́ Hanford fún ìjọba ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí ẹ̀rọ tí à ń pè ní B Reactor ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1944. Ẹni tí ó bá lọ wo ibẹ̀ lónìí, nítorí ó ti di ibi ìrántí, yóò rí i pé àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ ni ògiri yàrá tí wọ́n ti ń darí rẹ̀. Láàárín àwọ̀ ìtura yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sí tí wọ́n ń ṣọ́ aago ara ẹ̀rọ. Ara ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni a fi ṣe bọ́ǹbù tí ó bọ́ sórí Nagasaki ní 1945.

Nígbà tí ogun parí, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni ó kàn. Birren àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọ́fíìsì, wọ́n rí tábìlì dúdú tí ń dán, bébà funfun lórí rẹ̀, ògiri funfun níwájú, fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí ń tẹ̀wé á wo bébà, á wo tábìlì, á gbójú sókè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lóòjọ́ ni ihò ẹyin ojú rẹ̀ ń fẹ̀ tí ó sì ń sún kì, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ibì kan kò bá ti èkejì mu. Iṣan ara ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, iṣan ara sì máa ń rẹ̀. Wọ́n ní kí òkè àjà jẹ́ funfun, kí ó lè da ìmọ́lẹ̀ bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá padà. Kí ògiri da ìdajì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ padà. Kí tábìlì kúrò ní dúdú. Ògiri tí gbogbo akọ̀wé kọjú sí ni kí a kùn ní àwọ̀ tó rẹlẹ̀ díẹ̀, bí àwọ̀ ewé tí aró wà nínú rẹ̀, kí ojú tó bá sá kúrò lórí bébà lè rí ibi sinmi. Kò sí àṣìṣe nínú ìmọ̀ràn yìí. Ẹni tí ó bá ti ṣírò owó lórí bébà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ yóò mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ohun tí àwọn olówó ọ̀dà fi lé e lórí ni mo ń bá jà: pé àwọ̀ báyìí ń mú iṣẹ́ pọ̀ sí i, àwọ̀ báyìí ń lé ìbànújẹ́ lọ. Ọ̀dà wọ́n jù owó oṣù bí? Rárá o, ó pọ́ọ́kú jù ú lọ dáadáa, ọ̀gá tí kò fẹ́ fi kọ́bọ̀ kún owó òṣìṣẹ́ lè fi tayọ̀tayọ̀ kun ògiri. Bí àwọ̀ bá sì mú kí akọ̀wé ṣe iṣẹ́ púpọ̀ sí i ní tòótọ́, ta ni ó yẹ kí ó gba èrè rẹ̀? Nínú àwọn ìwé ìpolówó ọ̀dà tí a ń kọ sí àwọn ọ̀gá, a kì í sáábà rí ìbéèrè yìí.

Ìkìlọ̀ sì ti wà tẹ́lẹ̀. Láti 1924 dé 1927, ní ilé iṣẹ́ Hawthorne lẹ́bàá Chicago, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù, àwọn olùwádìí fi kún iná fún àwọn òṣìṣẹ́ kan, wọn kò fi kún ti àwọn mìíràn. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni ó gbèrú. Wọ́n dín iná kù fún àwọn obìnrin méjì títí ó fi kù bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá, àwọn yẹn kò sì dẹwọ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ó fà á, ọ̀pọ̀ sì gbà pé bí ẹnìkan ti wá jókòó tì wọ́n tí ó ń béèrè bí iṣẹ́ ti rí wà lára rẹ̀. Nígbà náà, bí ọ̀gá bá kun ọ́fíìsì tí iṣẹ́ sì yá, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ọ̀dà ni, tàbí pé ẹnìkan rántí àwọn òṣìṣẹ́?

Ọ̀nà kan wà: kí a kun yàrá lóríṣiríṣi, kí a fi ènìyàn púpọ̀ sínú wọn. Nancy Kwallek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas ní ìlú Austin ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1996. Ọ́fíìsì aláwọ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò, iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n sì fún àwọn ènìyàn ṣe. Àwọn tí ó jókòó sínú funfun ṣe àṣìṣe ju àwọn tí ó wà nínú pupa tàbí àwọ̀ aró lọ. Síbẹ̀, nígbà tí a bi wọ́n léèrè, funfun wà lára àwọ̀ tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù láti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀! Nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, ó hàn pé ènìyàn yàtọ̀ síra: ẹni tí ariwo kì í dí lọ́wọ́ lè jókòó sínú pupa kí nǹkan kan má ṣe é, nígbà tí ẹlòmíràn kò ní gbádùn ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ní 2009, àwọn olùwádìí ní Vancouver ní ilẹ̀ Kánádà tẹ̀ ẹ́ jáde pé pupa dára fún iṣẹ́ tó gba àkíyèsí, àwọ̀ aró sì dára fún iṣẹ́ tó gba ìrònú tuntun. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀. Ní 2014, ẹlòmíràn tún ọ̀kan nínú àyẹ̀wò wọn ṣe pẹ̀lú ènìyàn tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì rí ohun tí wọ́n rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọ̀ píǹkì tí wọ́n fi kun yàrá àwọn ẹlẹ́wọ̀n ọmọ ogun ojú omi ní Seattle ní 1979, tí wọ́n ní ó ń rọ oníjàgídíjàgan lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí ó fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní ilẹ̀ Switzerland, tí èsì wọn jáde ní 2015, kò rí ìyàtọ̀ láàárín òun àti ògiri funfun.

Ẹ má rò pé mo ń sọ pé ojú kò ní ọ̀nà láti bá ara sọ̀rọ̀. Ní 2002, àwọn onímọ̀ fi hàn pé oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà lẹ́yìn ojú, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ àwọ̀ aró ni ó ń jí i jù. Ìmọ́lẹ̀ owúrọ̀ láti ojú fèrèsé ni ó ń fún un ní oúnjẹ, ọ̀dà ara ògiri kò sì lè rọ́pò rẹ̀. Akọ̀wé tí a gbé tábìlì rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ibi tí oòrùn kò dé, kí a bi í léèrè nípa fèrèsé kí a tó bi í nípa ọ̀dà.

Ní ti yàrá iṣẹ́-abẹ tí a ti bẹ̀rẹ̀, àyípadà ti dé bá a. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́-abẹ lónìí, dókítà kì í la ara gbòòrò mọ́. Ihò kékeré ni ó ń lu, tí ó ń ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀, orí ojú ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣọ̀n ni ó sì ti ń wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Iná funfun inú yàrá ń bá ojú ẹ̀rọ yìí jà. Nítorí náà, ní àwọn ilé-ìwòsàn kan, bí wọ́n bá ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́ tán, wọ́n á pa iná funfun, wọ́n á sì tan iná aláwọ̀ ewé.